Abíọ́nà Méjì

Zẹ́mì já a sílẹ̀ lẹ́nu Àkábà Ìdènà ní ìrọ̀lẹ́,
Dókítà Shamiran, tó ń tọ́jú ojú fún wa ní Kétu,
eruku pupa létí aṣọ funfun rẹ̀.
Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn àtijọ́ náà, kò sọ nǹkan kan.
Mo gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi,
mo bi í pé, níbo gan-an ni ilé?
Ó ní, Asíríà.

Asíríà! Èyí tí mo mọ̀ nínú Bíbélì,
òun níí gun ẹṣin wọ ìlú onílùú.
Mo ní, "Àwọn ará Nínéfè tí Jónà bá wí?"
Ó rẹ́rìn-ín. "Àwa náà ni, ìyá.
A ṣì ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn lọ́dọọdún.
Ṣùgbọ́n ẹṣin ti kọjú sí wa ó ti pẹ́."

Ó ní orí òkè Hakkari ni àwọn baba òun wà,
àwọn àti Kúrdì, omi kan náà,
ewúrẹ́ tọ̀tún ń jẹ oko tòsì,
wọ́n ń yá ara wọn níyọ̀.
Títí emíà kan fi kó ogun wọ àfonífojì.
Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún tí wọ́n ń pè ní Idà:
ọmọ ogun Túùkì ń bọ̀ níwájú,
aládùúgbò ń tẹ̀ lé wọn, ó mọ ojúlé kọ̀ọ̀kan.
Idà. Wọn kò fi orúkọ mìíràn kún un.
Olórí ìjọ wọn lọ síbi ìjíròrò àlàáfíà.
Wọ́n fún un ní tíì. Wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.
Orí òrùlé ni ìbọn ti dáhùn.

Mo ní, dúró.
Àwọn àgbà tiwa náà, wọ́n ní kí wọ́n jáde wá sọ̀rọ̀.
Ebi ti pa wá nínú odi yìí, wọ́n sì jáde.
Dàhòmì dè wọ́n.
Ìyá tó bí ìyá ìyá mi wà nínú oyún,
wọ́n so ó mọ́ okùn lọ sí Àgbómẹ̀,
létí odò kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ló bímọ sí.
Abíọ́nà.
Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí Faransé tú wọn sílẹ̀,
ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn gba ibi tí o dúró yìí wọlé.

Ó pa ojú dé.
"Àbúrò ìyá àgbà mi, ọ̀nà ni wọ́n bí òun náà sí,
nígbà tí a ń sá lọ sí Bákúbà.
Kí wọ́n tó rí àlùfáà tí yóò rì í bọmi, ó ti kú.
Wọ́n kó òkúta lé e. Kò lórúkọ."

Ìgbà yẹn ni Sẹnami gbé omi dé,
ìyàwó ọmọ mi, ọmọ Àgbómẹ̀,
ó gbọ́ Dàhòmì, ife mì lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá! N kò sọ ìtàn yìí létí rẹ̀ rí.
Ẹni tó ṣu sójú ọ̀nà gbàgbé,
ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò gbàgbé,
ṣùgbọ́n ta ni Sẹnami nínú àwọn méjèèjì?

Dókítà gba ife, ó mu ún tán pátá.
"Obìnrin Kúrdì kan," ló wí,
"ló fi ìyá àgbà mi pamọ́ sínú àpótí ìyẹ̀fun.
Ó ń já ọmọ tirẹ̀ léèékánná kó lè ké,
kí àwọn tó ń wá kiri má baà gbọ́ igbe èkejì.
A kò mọ orúkọ òun náà."

Sẹnami kò wọlé mọ́.
Ó jókòó sórí gígé aṣọ mi,
ó ní, "Mama, odò wo ni?"
Mo ní n kò mọ̀. Bóyá àwọn ará ilé rẹ mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ sọ fún dókítà pé kó mú Abíọ́nà lọ,
kó fi bo òkúta yẹn,
orúkọ kì í tán nílé wa.
Òkùnkùn ti ṣú. N kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́.
Sẹnami gba òwú lọ́wọ́ mi.